Kẹ̀kẹ́ kan fún Paris–Brest–Paris: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti orí sípóòkù

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Paris–Brest–Paris jẹ́ ìrìn kẹ̀kẹ́ ọlọ́nà jíjìn ní Faransé: láti Rambouillet, ìlú kan tí kò jìnnà sí Paris, lọ sí Brest létí òkun, àti àbọ̀: ó lé ní 1,200 kìlómítà. Wákàtí 90 ni wọ́n fún ẹni tó bá mú àkókò tó gùn jù. Àwọn tó gbójú lè mú 84 tàbí 80. Ẹ sùn o, aago ń lọ. Ẹ jẹun, aago ń lọ. Táyà jò, aago ń lọ. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ Audax Club Parisien ń ṣe é báyìí, ti oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni mo sì to kẹ̀kẹ́ yìí fún. Kí ènìyàn tó lè dúró síbi tí wọ́n ti ń gbéra, ó gbọ́dọ̀ ti parí 200, 300, 400 àti 600 kìlómítà lọ́dún yẹn kan náà, láàárín wákàtí 13 àti ààbọ̀, 20, 27 àti 40. Ìyẹn gan-an dùn mọ́ mi nínú, torí pé ìdánwò mẹ́rin fún kẹ̀kẹ́ ló jẹ́.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Tí ẹ bá pín 1,200 sí 90, kò tó kìlómítà 14 ní wákàtí kan. Bí mo bá ń wa kìlómítà 22 ní wákàtí nígbà tí mo bá wà lórí ìjókòó, nǹkan bí wákàtí 55 ni wíwa kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ máa gbà. 35 ló kù fún oorun, oúnjẹ, ilé ìyàgbẹ́, òǹtẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé brevet wa ní ibùdó kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, àti ohunkóhun tó bá bàjẹ́. Kì í ṣe eré sísá ló ń lé àwọn ènìyàn sílé, bí kò ṣe ìdí tó bó, ọrùn tó kọ̀ tí kò gbé orí mọ́, ọwọ́ tó kú, iná tó kú lóru, oorun.

Nítorí náà, mi ò to kẹ̀kẹ́ yìí fún ara mi tó sùn yó tó ń kọ ìwé. Ẹni tí mò ń tò ó fún ni ẹni tí màá jẹ́ láago mẹ́ta òru ọjọ́ kẹta: ìka rẹ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ń pa dé, kò rántí àpò tó kó nǹkan sí. Ohunkóhun tí onítọ̀hún kò bá lè fi ọwọ́ kan ṣe nínú òkùnkùn kò ní àyè lórí kẹ̀kẹ́ yìí. Òfin tí mo fi lélẹ̀ nìyẹn, òun ni mo sì fi parí gbogbo iyàn tó kù.

Férémù

Irin ni. Ó ní àyè fún táyà 32 mílímítà àti mọ́dígáàdì, ó ní ihò tí mo lè de nǹkan mọ́. Ó parí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ó wúwo. Ó wúwo lóòótọ́. Àmọ́ gbogbo òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn, tí ẹ bá tò wọ́n lé ara wọn, tó nǹkan bí 12,000 mítà. Láti gbé kílò kan gun ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kilojoule 118. Ẹni tó ń fi wátì 150 tẹ pẹ́dà á san gbèsè yẹn tán ní ìṣẹ́jú 13. Ìlà kọfí ní ibùdó kan ṣoṣo lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́, mo kọjá lórí rẹ̀.

Wíìlì iwájú

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, torí inú họ́ọ̀bù iwájú, ìyẹn àárín wíìlì, ni iná mi ti ń wá. Dáínámò wà nínú rẹ̀: òòfà ń yí po bàbà tí wọ́n wé, bí wíìlì bá ti ń yí, iná ń jáde. Fólítì 6, wátì 3 ni wọ́n ṣe é fún. Ó kéré, àmọ́ kò ní tán. Bátìrì ń tán.

Sípóòkù 32 ni mo fi hun ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá lára mẹ́ta mìíràn kí ó tó dé rímù. Bíréèkì dísìkì ló wà níwájú, agbára rẹ̀ sì ń ti inú họ́ọ̀bù bọ́ sára sípóòkù, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ pé kí n tò wọ́n gbọnrangandan láti họ́ọ̀bù dé rímù. Etí họ́ọ̀bù dáínámò fẹ̀ ju ti họ́ọ̀bù lásán lọ. Gígùn sípóòkù tí ènìyàn ti mọ̀ lórí tẹ́lẹ̀ kò ní bá a mu. Mo wọn etí méjèèjì, mo wọn inú rímù, mo ṣírò gígùn ti apá kọ̀ọ̀kan kí n tó ra ẹyọ kan.

Mo fi òróró díẹ̀ pa téèdì wọn. Mo wá ń yí nọ́ọ̀tì kéékèèké tó de sípóòkù mọ́ rímù, títí téèdì gbogbo wọn fi wọlé tán. Lẹ́yìn náà, ìdajì yíyí, yípo rímù; ìdajì yíyí, yípo rímù. Kò sí ohun tí ìkánjú lè ṣe níbí ju pé kó fa rímù sí apá kan.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí le, sípóòkù fẹ́ máa lọ́ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì dípò kí nọ́ọ̀tì nìkan yí. Ojú kò rí i, ìka ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìka méjì di sípóòkù mú bí ẹ ti ń yí sípánà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ń gbìyànjú láti tẹ̀ lé e. Mo ń yí i kọjá ibi tí mo fẹ́ díẹ̀, mo wá ń dá a padà ní ìwọ̀n tó lọ́ yẹn. Lẹ́yìn èyí, mo mú sípóòkù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní méjì-méjì, mo fún wọn pọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ mi. Wọ́n dún: tíín, táán. Mo tún rímù tọ́, mo tún fún wọn. Ìgbà tí mo fún wọn tí kò sí ohun tó dún mọ́ ni mo mọ̀ pé wíìlì ti jókòó.

Ìfà tí mo fi sílẹ̀ wà láàárín kílò 100 sí 120 lórí sípóòkù kan, rímù kò sì yẹ̀ ju ìdajì mílímítà lọ. Ṣùgbọ́n mi ò gbára lé ẹ̀rọ ìwọ̀n nìkan. Mo fi èékánná ta wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́tí bí onílù tó ń gbọ́ ohùn ọṣán ìlù rẹ̀: àwọn tó wà ní apá kan náà gbọ́dọ̀ dún ohùn kan náà. Méjì ní apá òsì dún kẹ́lẹ́, mo wá wọn kàn, mo tún wọn ṣe.

Wíìlì ẹ̀yìn, bákan náà, láìsí dáínámò. Mo fi tépù lẹ sípóòkù àpọ̀jù mẹ́ta mọ́ ara férémù, ní gígùn tó bá ibi tó máa ń já jù mu, ìyẹn apá gíà.

Iná

Wáyà gba ẹ̀yìn apá fọ́ọ̀kì lọ sókè sí iná iwájú, iná iwájú ló sì ń fún iná ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Mo dojú ẹnu wáyà kọ ilẹ̀ kí omi má bàa jókòó sínú rẹ̀, mo fi rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá rà á bo ojú ibi tí mo ti so ó. Kí n tó de wáyà pa, mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, torí wáyà tó dà bíi pé ó tó nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán lè já lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e ti ògiri.

Dídarí iná kò le. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sí mítà 5 sí ògiri, mo wọn bí iná ṣe ga sí ilẹ̀, mo fi ẹfun sàmì sí ìdajì gíga yẹn lára ògiri, mo wá tẹ iná ba títí àárín ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sórí àmì. Àwọn tó bá ń bọ̀ níwájú kò ní bú mi.

Iná ẹ̀yìn méjì ló wà: ọ̀kan ń jẹ lára dáínámò, èkejì ní bátìrì tirẹ̀, ibi tí wọ́n wà sì yàtọ̀ kí àpò má bàa bo méjèèjì pa pọ̀. Lórí èyí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mike Hall, ẹni tó dá Transcontinental Race, ìdíje kẹ̀kẹ́ tó ń la Yúróòpù kọjá, sílẹ̀ ní 2013, lórí kẹ̀kẹ́ ni ọkọ̀ ti pa á ní Ọsirélíà ní oṣù kẹta ọdún 2017, ní àárọ̀ kùtùkùtù, nínú ìdíje Indian Pacific Wheel Race. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbígba iná sínú GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn mí, àti fóònù. Dáínámò lè ṣe é, àfi pé bí eré bá ti wá sí ìsàlẹ̀ kìlómítà 12 tàbí 15 ní wákàtí, iná tó ń jáde kò tó nǹkan mọ́. Ìyẹn ni pé lórí gbogbo òkè, GPS á pariwo pé iná ti lọ, á tún pariwo pé iná ti dé, á sì máa bi mí bóyá kí òun pa ara òun. Fún ẹni tí oorun ń kùn, ariwo yẹn burú ju òkè fúnra rẹ̀ lọ. Mo fi power bank kékeré kan sáàárín: dáínámò ń bọ́ power bank, power bank ń bọ́ GPS. Kò pariwo mọ́. Ẹ kàn yẹ ti yín wò kí ẹ tó rà á, torí kì í ṣe gbogbo power bank ló ń gbà kí ó tún máa fúnni lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gé àwòrán ọ̀nà inú GPS sí ègé, ibùdó sí ibùdó. Fáìlì 1,200 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fà, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá ṣìnà tí ó fẹ́ kí ó tètè ronú. Ọfà wà lójú ọ̀nà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó, àmọ́ ojú tó ti rẹ̀ kì í rí gbogbo ọfà.

Gíà àti táyà

Eyín 46 àti 30 níwájú, 11 sí 34 lẹ́yìn. Nínú gíà tó kéré jù, ìtẹ̀ pẹ́dà kan ń gbé mi lọ ní nǹkan bíi mítà 1.9, tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú, kò tó kìlómítà 7 ní wákàtí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ibùsùn kékeré ní ibùdó máa rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn 900 kìlómítà, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí òkè gíga kan báyìí ní ọ̀nà Brest. Kéékèèké ni wọ́n, wọn kì í sì í tán.

Wáyà ni mo fi ń yí gíà, kì í ṣe bátìrì. Ìdí rẹ̀ kò ju pé mo lè pààrọ̀ wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Táyà: 32 mílímítà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ PSI 56 níwájú, 62 lẹ́yìn. Túùbù ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi tó ń dí ihò fúnra rẹ̀. Omi yẹn dára, mo ń lò ó lórí kẹ̀kẹ́ mi kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ihò bá tóbi ju agbára rẹ̀ lọ, ó di kí ènìyàn máa tú táyà tó kún fún gọ́ọ̀mù lóru, òfin mi sì kọ̀ ọ́. Mo fi ojú orúkọ táyà kọ ẹnu fáàfù nígbà tí mò ń wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti rí ibi tí túùbù ti lu, ibẹ̀ náà ni màá yẹ̀ wò lára táyà, mi ò ní fi ìka wá ẹ̀gún yípo gbogbo rẹ̀. Ìdíje yìí kúkú bá táyà afẹ́fẹ́ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀: ní 1891, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, lórí táyà Michelin tó ṣeé bọ́ kúrò lára rímù ni Charles Terront ti gbégbá orókè, ó sì lo wákàtí 71 àti ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ibi tí ara ti kan kẹ̀kẹ́

Ibi mẹ́ta ni: ìdí, ọwọ́, ẹsẹ̀. Ọrùn ni ìkẹrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kan ohunkóhun.

Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ jìnnà mọ Shermer's neck. Michael Shermer ló ṣe nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Race Across America ní 1983: iṣan ẹ̀yìn ọrùn kọṣẹ́, orí wó síwájú, kò sì ṣeé gbé sókè mọ́. Mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi sókè títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú ìjókòó, mo sì fà á mọ́ra díẹ̀. Ó ń gba afẹ́fẹ́ sí i, mo mọ̀. Ẹni tí kò lè wo iwájú kò nílò láti gé afẹ́fẹ́.

Ní ti ọwọ́, iṣan ara kan ló gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá gbé ara lé e lórí títì tó ń gbọ̀n, ìka méjèèjì á kú, ó sì lè pẹ́ kí wọ́n tó jí. Mo wé tépù onífóòmù ní ìpele méjì, mo sì fi ọwọ́ kékeré tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ sinmi lé kún un, kì í ṣe torí eré, bí kò ṣe kí àtẹ́lẹwọ́ lè gbàsinmi.

Ìjókòó aláwọ ni, mo sì ti ń lò ó tipẹ́. Òun nìkan ni nǹkan tí mo gbé wá láti orí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ láìyí ohunkóhun padà. Ẹ má ra ìjókòó tuntun lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra.

Ohun tí ìdánwò mẹ́rin sọ

200: kò sọ nǹkan kan.

300: ohun kan ń ké lábẹ́ mi bí mo bá ti fi agbára tẹ pẹ́dà. Mo tú pẹ́dà, mo fi gíríìsì sí i, ó ṣì ń ké. Mo tú bọ́ọ̀tù gíà iwájú, ó ṣì ń ké. Òpó ìjókòó ni! Yanrìn wíníwíní wọ ibi tó ti wọlé sínú férémù. Mo nù ún, mo fi gíríìsì pa á, ó dákẹ́. Ariwo kẹ̀kẹ́ kì í sábà jáde níbi tí etí ti ń gbọ́ ọ.

400: òjò láti ọ̀sán dé òru. Ìda tí mo fi pa ṣéènì ṣàn lọ, ṣéènì ń ké kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìda mọ́, eré rẹ̀ sì dán nígbà gbígbẹ, ṣùgbọ́n mo ti padà sí òróró olómi fún ìrìn yìí, pẹ̀lú ìgò kékeré kan nínú àpò. Òru yẹn náà ló tún àpò tò. Oúnjẹ wà lórí férémù níwájú mi, níbi tí ọwọ́ òsì ti ń dé. Aṣọ òjò wà lókè pátápátá nínú àpò ẹ̀yìn. Irinṣẹ́ wà nísàlẹ̀, nínú àpò pupa, torí mo fẹ́ rí i kí n tó ronú kàn án. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, kì í ṣí kúrò níbẹ̀.

600: gíà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra. Ẹlòmíràn á kàn yí skúrù tó ń fa wáyà le, á máa lọ. Mo ká rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: orí wáyà, níbi tó ti ń tẹ̀ kọrọ́rọ́ nínú ẹ̀rọ gíà, ti ń tú. Irun wáyà mẹ́rin ti já, wọ́n dúró gan-an. Bí àwọn tó kù bá já síbẹ̀, orí wáyà á há sínú ẹ̀rọ, yíyọ rẹ̀ á sì gba ìrìn wákàtí méjì lọ́wọ́ ènìyàn. Wáyà tuntun àti ilé rẹ̀ tuntun wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mo wà á díẹ̀ kí ó lè nà tán kí n tó tún un tò. Mo pààrọ̀ ṣéènì àti pádì bíréèkì lọ́jọ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì jẹ tán.

Lójú ọ̀nà

Kẹ̀kẹ́ kò dá mi dúró, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Táyà ẹ̀yìn jò lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn Fougères, lóru. Ihò túùbù wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí fáàfù. Mo lọ síbẹ̀ lára táyà tààrà, mo rí irun irin tín-ín-rín kan, mo fi ẹ̀mú fà á yọ. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́.

Ní Villaines-la-Juhel, gbogbo ìlú ló jáde sójú títì, ọmọdé ń gba igo omi lọ́wọ́ ènìyàn láti lọ bá a kún un. Ní Loudéac, mo sùn lórí ibùsùn tí wọ́n tò sílẹ̀ fún wa, mo sọ aago tí kí wọ́n jí mi, wọ́n jí mi. Ìgbà tí mo jáde, mi ò rántí ibi tí mo gbé kẹ̀kẹ́ sí láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún kẹ̀kẹ́. Tépù olómi-ọsàn tí mo wé mọ́ òpó ìjókòó ni mo fi rí i. Ìyẹn náà wà lára àtòjọ iṣẹ́, mo kàn gbàgbé láti kọ ọ́ sókè.

Ìka kékeré ọwọ́ òsì kú díẹ̀ láti Carhaix ní àbọ̀. Ọrùn dúró. Mo wọlé sí Rambouillet kí àkókò tó pé, ìwé brevet kún fún òǹtẹ̀.

Títú u palẹ̀

Mo fọ̀ ọ́, mo tú u. Ṣéènì: ẹ̀rọ tó ń wọn bí ṣéènì ti nà tó kò tíì wọlé ní àmì 0.5, ó ṣì máa ṣiṣẹ́. Pádì bíréèkì ẹ̀yìn jẹ ju ìdajì lọ, ti iwájú kò tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ríǹ dáínámò ń yí wọ́ọ́rọ́, òòfà nìkan ni ọwọ́ ń gbọ́. Mo fi èékánná ta gbogbo sípóòkù lẹ́ẹ̀kan sí i: níwájú, kò sí èyí tó yẹ̀, lẹ́yìn, ọ̀kan lápá gíà rọ̀ díẹ̀, mo fi ìdámẹ́rin yíyí fà á. Ẹnu wáyà dáínámò ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé lára, mo gé e, mo fi tuntun sí i. Tépù ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ní láti kúrò. Ìpele kejì ti fẹ̀ pẹrẹsẹ lápá òsì nìkan, èyí sì sọ fún mi pé apá òsì ni mò ń gbé ara lé jù, nítorí náà màá yẹ ìjókòó wò bóyá ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó wé òmíràn.